Mo Dáhùn Ẹ Kú Ìrìn Nínú Igbó Ẹlẹ́sẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí kó dìde. Èmi kò lè jókòó, ẹ má sì fi àga lọ̀ mí. Ẹ bá mi rìn láti ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ kòkó yìí títí dé etí odò, bí mo bá ti sọ ọ́ tán, kí kálukú padà sílé rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó di apá ẹnìkejì mú. Ẹni tó ru igi ìdáná kó sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn mi wúwo ju igi lọ. Kí gbogbo yín wà lápá ọ̀tún mi, ìbọn ló wà lápá òsì, ìbọn tí kò ní ẹ̀tù pàápàá, ọmọlúàbí kì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn.

Ọdẹ́dìran ni orúkọ mi, ọmọ Ìdí-Ọ̀rúrù. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó lé àwọn ará ilé wa kúrò lóko ẹ̀gẹ́ wọn. Èmi ni mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró, tí a wo ara wa títí, tí ẹkùn fi yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, síbẹ̀ mo tú ìbọn ṣakabùlà bàbá mi palẹ̀ sórí ẹní, mo to gbogbo irin inú rẹ̀ bí ẹni to ẹja, mo wo èyí tó ń fa èyí, mo wo èyí tó ń ti èyí, mo sì tò ó padà. Nígbà tí mo yìn ín, ó dún ju ti ayé bàbá mi lọ. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ohun tí mo bá rí, n kò ní sinmi títí n ó fi mọ ohun tó ń tì í láti inú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè tú palẹ̀ sórí ẹní, àyà mi ni. Ẹ má rò pé ẹkùn ló ń já a. Ẹkùn rọrùn: o rí i, o yìn ín tàbí o sá. Ohun wẹ́wẹ́ ló ń já àyà èmi. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, àyà mi á bi mí pé, ṣé o so ewúrẹ́? Mo so ó. Ṣé okùn náà le? Ó le. Ṣé kò wá le jù, tí yóò fi fún un lọ́rùn? N ó fi òkèlè sílẹ̀, n ó lọ wo ewúrẹ́. Bí mo bá padà dé, àyà á ní, òrùlé ńkọ́, ṣé o rí ibi tí páànù ti ṣí yẹn? Ọmọ wa kan ṣoṣo, Ojúọlápé, wà nílé ọkọ rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Bí ẹni tó ti ọ̀hún bọ̀ bá sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá, àyà mi á ní, òní ńkọ́?

Àwẹ̀ró ìyàwó mi a máa rẹ́rìn-ín títí. Á ní, “Baba Ojúọlápé, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ yìí mọ̀ pé ẹ lẹ́nu. Ewúrẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ro ara rẹ̀ tó bí ẹ ṣe ń rò ó.”

Ọjẹ́dòkun ọ̀rẹ́ mi, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi odán, ló wò mí lọ́jọ́ kan tó ní, “Ọdẹ́dìran, o ti le bí táyà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jù. Bí táyà bá le báyẹn, a máa ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ́. Lọ rìn nínú igbó.”

Mo ní, “Ọdẹ ni mí. Kí ni mo ń ṣe nínú igbó láti kékeré?”

Ó ní, “O ń wá ẹran. Mi ò ní kí o wá ẹran. Mo ní kí o rìn. Ṣáà rìn, bí ẹni tí kò níṣẹ́.”

Mo gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, nítorí mo fara balẹ̀ wò ó. Àníyàn ń fẹ́ ibi tí yóò jókòó sí. Bí ènìyàn bá jókòó, itan rẹ̀ ni àníyàn fi ń ṣe àpótí. Bí o bá dìde, ó bọ́ sílẹ̀. Bí o bá ń lọ, á tẹ̀ lé ọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Kí o tó kọjá oko ẹ̀gẹ́, o ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ. Kí o tó dé ìdí ọ̀pẹ òkè, o kò gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà náà ni ojú rẹ á là. O ó rí ìrì lórí ewé gbòdògì, o ó rí bí ìjàlọ ṣe ń gbé òkú tata gba ẹnu ihò tí kò gbà á, tí wọ́n á yí i síbí, yí i sọ́hùn-ún, títí á fi wọlé. O ó dúró, o ó wò wọ́n, o ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo oògùn ikọ́ kan títí, ṣíbí kan kì í tó mọ́. Ọ̀nà oko kò tó mi mọ́, mo lọ dé òkè. Òkè kò tó mi mọ́, mo kọjá òkè. Níjọ́ tí mo sì bá padà sílé, àníyàn ti ṣáájú mi dé, ó ti jókòó lórí àpótí ìdáná, ó ti sinmi dáadáa, agbára rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Igbó Ẹlẹ́sẹ̀. Kò sí ẹran níbẹ̀, nítorí náà ọdẹ kankan kì í débẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìdí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, “Níbo ló tún yá?”

Mo ní, “Mo fẹ́ rìn díẹ̀.”

“Díẹ̀ tiyín ti ń gùn o. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbé kaná.”

“Jẹ́ kó wà lórí iná dè mí.”

Ó ní, “Iná ò mọ ọkọ, baba Ojúọlápé. Ẹ tètè dé.”

Mo dáhùn pé n ó tètè dé. Mo lọ.

Ẹ rọra níbí, òkúta wà. Nígbà tí mo wọ Igbó Ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó fẹ̀, ó mọ́, ó le bí ilẹ̀ tí wọ́n fi òòlù lù. Koríko kan kò hù lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo wo ojú ẹsẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni, ó pọ̀ bí iyanrìn, gbogbo rẹ̀ kọjú síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kí n rí níbẹ̀. Ibikíbi tí ènìyàn bá ń gbà kọjá, á ní ibi tí wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀. Á ní eérú, á ní èèpo obì, á ní ibi tí ẹnìkan ti yà sẹ́yìn igi láti tọ̀. Èmi kò rí ọ̀kankan. Kò sí ìdí ènìyàn kan tó kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á yí padà. Ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́! Ó fúyẹ́ bí òwú. N kò rántí ewúrẹ́, n kò rántí òrùlé. Ẹni tí ara ń yún kì í bèèrè èékánná ta ni wọ́n fi ń họ ọ́. Mo ń lọ, mo ń súfèé.

Níbi tí ọ̀nà ti yà ni mo ti rí ẹ̀dá náà. Ó jókòó sórí òkìtì ọ̀gán, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gán fi gòkè mọ́ ọn dé ìbàdí, ikán ń gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba èjìká rẹ̀ jáde. Orí rẹ̀ tó orí ẹṣin, etí rẹ̀ gbòòrò bí ewé kókò, ọrùn rẹ̀ nípọn bí odó, kò sì lè yí i. Ojú onínúure ló fi ń wò mí. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá bú ramúramù, ǹ bá ti yìn ín níbọn.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ọdẹ!”

Mo ní, “Oo! Ẹ kú ìjókòó o, baba!”

Ó parí. Ẹ̀yin ará, níbẹ̀ ló ti parí. Ẹ mọ ẹ̀bìtì? Òkúta ńlá ni, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e ró. Ẹ má ṣe rò pé òkúta ló ń pa eku. Òkúta ti ṣetán láti àárọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí eku fi imú kàn ló ń pa á. Bí kíkí ṣe rí nìyẹn. A ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kú iṣẹ́, a ń kí ẹni tó jókòó kú ìjókòó, a ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kú ọ̀fọ̀, a kò sì ní ohun tí a kò lè kí ènìyàn fún. Ta ló ń dúró gbọ́ ohun tí wọ́n kí i fún kó tó ní “oo”? Ẹnu wa ti yá jù. Ọmọ tí a bá kí tí kò dáhùn, a ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Èmi, wọ́n kọ́ mi nílé. Bí ó bá ṣe pé wọ́n ń kọ́ ẹkùn nílé, ẹkùn náà ì bá ti kó sínú ẹ̀bìtì yẹn.

Ẹ̀dá náà rẹ́rìn-ín. “O gbà á.”

Mo ní, “Kí ni mo gbà?”

“Ìrìn. Mo kí ọ kú u, o ní oo. Tìrẹ ni. Akínimọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Jókòó ná, ká jọ sọ̀rọ̀.”

Mo fẹ́ jókòó. Gìgísẹ̀ mi kọ̀. Mo rí ìtì igi kan, mo sún ìdí sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi gbé mi kọjá rẹ̀. Mo di ẹ̀ka mú kí n lè dúró, ẹsẹ̀ mi ń lọ lábẹ́ mi bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀ka náà fà ya. Nígbà tí n kò lè dúró, tí n kò sì fẹ́ lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí Akínimọ́ṣẹ́ po. Báyìí ni a ṣe dúnàádúrà, bí ẹ bá lè pe ìyẹn ní dúnàádúrà: bí mo bá dé iwájú rẹ̀ a ó sọ̀rọ̀, bí mo bá dé ẹ̀yìn rẹ̀ ó di kí n pariwo, nítorí ọrùn rẹ̀ kì í yí.

“Baba, ẹ tú mi sílẹ̀!”

“Kí lo bá wá sínú igbó?”

“Mo wá rìn kí àyà mi lè fúyẹ́.”

Mo kọjá sẹ́yìn rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìpàkọ́: “Ó fúyẹ́ àbí kò fúyẹ́?”

“Ó fúyẹ́!”

“Kí lo wá ń pariwo sí mi létí sí? Ẹni tó ra iyọ̀ tó gba iyọ̀!”

Mo yọ síwájú rẹ̀ padà. Mo ní, “Baba, a máa ń rìn lọ, a máa ń rìn bọ̀ ni. Bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Èmi kì í ṣe eku. Ẹ fi mí fún ẹni tó ni mí.”

Ìyẹn wọ̀ ọ́ létí. Ikán méjì jáde láti imú rẹ̀, ó fọn wọ́n dànù. Ó ní, “O mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. N ó pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá gbà á, n ó sọ ibi tí ìdè rẹ ti ń tú. Bí o kò bá gbà á, fi ìbọn yẹn sílẹ̀ fún mi kí n fi họ ẹ̀yìn. Kí ni ẹrù tí ẹni tó ń lọ kò lè rù, àfi kí ẹni tó wà nílé bá a rù ú?”

Mo yí i po. Mo ní, “Ilé rẹ̀.” Ó ní ilé ń gbé ènìyàn ni, ènìyàn kì í gbé ilé. Mo yí i po. Mo ní, “Àníyàn rẹ̀.” Ó ní, “Ó jọ ọ́ bí èèpo ṣe jọ iṣu. Bẹ́ ẹ.” Mo tún yí i po. Mo ń ro ilé, mo ń ro ẹni tó wà níbẹ̀, mo ń ro ohun tí mo máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bá, kí n tó gbé ìbọn kọ́, kí n tó bọ́ bàtà, ni ohùn Àwẹ̀ró láti ilé ìdáná. Mo kígbe láti ẹ̀yìn rẹ̀: “Káàbọ̀! Káàbọ̀ rẹ̀ ni!”

Akínimọ́ṣẹ́ mí kanlẹ̀. “O gbà á. Gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí mo rí i pé o fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ kú ìrìn ló dè ọ́. Ẹ káàbọ̀ ló lè tú ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń retí rẹ nìkan ni káàbọ̀ rẹ̀ ń jẹ́. Bí ẹni tí kò retí rẹ bá sọ ọ́, ariwo ẹnu ni. Má sì tọrọ rẹ̀ o. Káàbọ̀ tí a fi ẹnu tọrọ ti bàjẹ́ kó tó jáde.”

Mo dúpẹ́, mo yí gìgísẹ̀ sí ọ̀nà ilé. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé, ẹ̀wà ni Àwẹ̀ró gbé kaná, ó sì ní kí n tètè dé. Ta ló tún ń retí ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Àfi bí ọ̀nà tí mo bá wá ṣe kún. Àwọn tó ni ojú ẹsẹ̀ wọnnì ló ń bọ̀, ọkùnrin, obìnrin, àgbà, wọ́n kún ọ̀nà láti etí dé etí. Ojú wọn dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìlà kan kò sí níwájú orí ẹnikẹ́ni. Ìrìn ti jẹ ẹsẹ̀ wọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ti àwọn mìíràn ti jẹ dé àárín ojúgun, wọ́n ń fi egungun rìn, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń gún ata gbígbẹ. Obìnrin kan wà níwájú wọn tó so ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀já náà sì ṣófo.

Mo bá a rìn sẹ́yìn díẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ ti pẹ́ níbí?”

Ó ní, “Kí ni wọ́n ń pè ní pípẹ́?”

“Ta ni ẹ fi sílé?”

Ó ronú. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀já. “Mo mọ̀ pé mo so èyí mọ́ra nítorí nǹkan kan.”

“Nítorí kí ni, ìyá?”

“Kò dùn mí o,” ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kò sí ohun tó ń dùn mí. Ẹ kú ìrìn o, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ẹkùn, mo ti rí ẹfọ̀n, mo ti rí ohun tí kò ní orí. Kò sí èyí tí ojú rẹ̀ bà mí lẹ́rù tó ojú obìnrin yẹn. Gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí kí mi: “Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ìrìn o!” Àgbà ń kí mi, n kò gbọdọ̀ dáhùn, kí n má baà tún gba ìrìn mọ́ ìrìn! Ahọ́n mi ń dìde fúnra rẹ̀. Mo kó òwú tí mo fi ń di ìbọn, mo fi di etí méjèèjì, mo gé ètè jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n fẹ́ gbé mi mọ́ ara wọn lọ bí omi ṣe ń gbé igi. Mo wá wò wọ́n bí mo ṣe ń wo ìbọn lórí ẹní. Ẹsẹ̀ tó ti jẹ báyẹn, ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ló lè rìn lórí rẹ̀. Igi àràbà kan wà létí ọ̀nà, gbòǹgbò rẹ̀ ga bí ògiri. Mo fò sórí rẹ̀, mo ń gba orí gbòǹgbò dé orí gbòǹgbò. Wọ́n na ọwọ́, ọ̀kan di ṣòkòtò mi mú, ìdajì ṣòkòtò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Báyìí ni mo ṣe jáde nínú Igbó Ẹlẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì jẹ, tí orúkọ ìyàwó mi sì wà lẹ́nu mi. Mo yọ òwú kúrò létí. Mo ń sáré lọ gba káàbọ̀.

Nígbà tí mo wọ Ìdí-Ọ̀rúrù, oòrùn ṣì wà lókè. Mo rò pé ọjọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, tí kò tó mi lórúnkún nígbà tí mo lọ, ti ga ju òrùlé, wọ́n ti ká èso rẹ̀, wọ́n tún ti ká a. Ìdáná kò sí níbi tó wà. Àwẹ̀ró ti mọ òmíràn sí apá kejì ilé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó ti sanra. Ara rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ tutù. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, baba.”

N kò dáhùn. Mo yí ilé náà po, nítorí n kò lè dúró. Nígbà tí mo tún yọ síwájú, mo ní, “Àwẹ̀ró, èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ta ló tún máa ń rìn báyẹn?”

Mo yí i po. “Ẹ̀wà ńkọ́?”

“Ẹ̀wà jóná. Mo se òmíràn dè yín, ìyẹn náà jóná. Ìkòkò yẹn ti fọ́, baba Ojúọlápé.”

Mo tún yí i po. Nígbà tí mo yọ, ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kò gbé ohùn sókè, kò bínú. “Mo wo ọ̀nà yín títí. Bí ewé bá já, mo ní ẹ̀yin ni. Bí ajá bá gbó, mo ní ẹ̀yin ni. N kò lè jẹun. Ojúọlápé wá, ó ní kí n bá òun lọ, mo ní rárá, ta ni yóò wà nílé bí bàbá rẹ bá dé?”

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo dé.

“Lọ́jọ́ kan mo gbá ẹnu ọ̀nà yìí tán, mo wá rí i pé n kò wo ọ̀nà. Mo gbé oúnjẹ, mo jẹ ẹ́ tán. Mo sùn lọ́jọ́ náà.” Ó fọ́ ẹ̀gúsí kan, ó jù ú sínú igbá. “Ẹ̀yin ẹ rìn lọ kí àyà yín lè fúyẹ́. Ibo lẹ rò pé ẹ gbé ẹrù inú rẹ̀ sí?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí káàbọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa ń fi eérú ṣe ọṣẹ. Bí eérú kò bá sí, ọṣẹ kò sí. Àníyàn ni eérú tí wọ́n fi ń ṣe káàbọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń rìn kiri tí mo ń wo ìjàlọ tí mo ń rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró ló ń jókòó ti ohun tí mo bọ́ sílẹ̀. Kí káàbọ̀ rẹ̀ tó lè tú mi, ó ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà, kó tún fi oúnjẹ sílẹ̀, kí ẹran ara rẹ̀ tún gbẹ. Akínimọ́ṣẹ́ ní kí n má tọrọ rẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wo ni ǹ bá fi tọrọ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n obìnrin ní ojú inú. Ó wò mí bí mo ṣe ń yípo tí n kò jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó mọ̀ pé ohun kan wà tí mo ń retí lẹ́nu òun, ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, baba Ojúọlápé.”

Ó sọ ọ́ dáadáa. Mo tẹ́tí sí ẹsẹ̀ mi bí ọdẹ ṣe ń tẹ́tí sí ìbọn tó yìn tí kò tíì dún. Mo ń retí. Àwẹ̀ró náà ń wo ẹsẹ̀ náà. Mo rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo rìn kọjá lábẹ́ ìbẹ́pẹ, mo yọ lódìkejì, mo ṣì ń lọ.

Ó ní, “Kò mú un?”

Mo ní, “Kò mú un.”

“Ṣé kí n tún un sọ?”

“Má tún un sọ mọ́, Àwẹ̀ró.”

Ó dìde. Ó wọlé, ó bu omi sínú igbá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. A jọ yí ilé náà po, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, mo ń mu omi, omi ń dà sí mi láyà. Ó ní, “Ẹ rọra mu ún, kó má pá yín lórí.” Nígbà tí mo mu ún tán, ó gba igbá, ó padà lọ jókòó. Mo rí i tó jókòó. Mo rí i bí ó ṣe ń na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, tó mú ẹ̀gúsí mìíràn. Mo wá kọrí sí ojú ọ̀nà, kí ara lè rọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn. Ọjẹ́dòkun bá mi rìn títí dé òpin ilẹ̀ Ìdí-Ọ̀rúrù, ó ń sunkún, ó ní òun ló sọ pé kí n rìn. Mo ní kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tó ní kí a tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀. Àyà mi fúyẹ́ o, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ pé kò fúyẹ́. Ó fúyẹ́ bí ìkarahun tí ìgbín ti kú sínú rẹ̀ tí èèrà ti kó ìgbín lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń fi agbára bèèrè lọ́wọ́ ara mi pé, ṣé ara Àwẹ̀ró dá lónìí, ṣé páànù yẹn kò tíì ṣí tán? Ọ̀rọ̀ náà á dé ẹnu mi, á dúró níbẹ̀. Kò sí àyà tí yóò gbà á. Mo ti wá a kiri gbogbo igbó bí ẹni wá ẹran tó gbọgbẹ́, àníyàn mi kékeré yẹn, ti ewúrẹ́, ti okùn, n kò rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Odò nìyí. Èmi ń kọjá, ẹ̀yin ẹ yí padà. Ẹ má kí mi, ohunkóhun tí ẹ bá kí mi fún, n kò ní dáhùn, ẹ má sì pè é ní ìgbéraga. Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹni tí wọ́n ń retí nílé nínú yín, kó sáré.